Kórópọ̀n kún, ọ̀nà kò sí: àkọsílẹ̀ ọ̀ràn awakọ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọkùnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 36, máíkírà ló ń wà láti Takie lọ sí Ìlọrin. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 31. Ọdún karùn-ún rèé tí wọ́n ti fẹ́ra, oyún kankan kò sì tíì ní. Nǹkan oṣù obìnrin náà ń wá déédéé, ọjọ́ 28 sí 30. Wọ́n ti ya X-ray ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, oògùn àwòrán ṣàn gba ọ̀nà méjèèjì já láìsí ìdíwọ́. Síbẹ̀, òun ni wọ́n ń gbé kiri fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Òun ló ń mu àgbo, òun ló ń gba abẹ́rẹ́. Ó di ọdún kẹrin kí ọkọ tó gbà láti ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, “azoospermia” ni wọ́n sì kọ sórí ìwé fún un. Ìyẹn ni pé irúgbìn kan ṣoṣo kò sí nínú àtọ̀ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ni ọ̀ràn yìí. A tò ó jọ láti inú bí àìsàn yìí ṣe máa ń yọjú, a kò fi tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Irúgbìn ni a óò máa pe ohun wíntinwíntin oní-ìrù tó ń lúwẹ̀ẹ́. Àtọ̀ ni gbogbo omi náà lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì pe ọkùnrin tí kò ní irúgbìn ní akúra. Akúra kọ́ ni ọkùnrin yìí. Nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ń dìde, ìbálòpọ̀ ń dùn mọ́ ọn, ó sì ń da àtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ara kò fi fu ú láti ọjọ́ yìí wá.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ti sọ fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀. Àkọ́kọ́, pé ooru ìjókòó ọkọ̀ ti se kórópọ̀n rẹ̀ jinná. Lóòótọ́ ni pé kórópọ̀n fẹ́ tutù ju inú ikùn lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 sí 4 lórí Celsius, ooru sì lè dín iye irúgbìn kù. Ṣùgbọ́n ooru kì í mú kí àtọ̀ fúnra rẹ̀ kéré, kì í sì í mú kí ó kan. Èkejì ni sítááfù, orúkọ tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ ní ilé àyẹ̀wò wa. Orí awọ ara ni kòkòrò yẹn ń gbé. Bí ọwọ́ kò bá mọ́ nígbà tí wọ́n ń gba àtọ̀, á bọ́ sínú ike, á sì hù. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gún ọkùnrin yìí ní gentamicin nígbà mẹ́rin, oògùn tó lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kíndìnrín yìí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni clomiphene 25 mg lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ oògùn yìí ni láti mú kí ọpọlọ máa ti kórópọ̀n pé kó ṣiṣẹ́ sí i. Kórópọ̀n tiẹ̀ kò sì yọ̀lẹ.

Ohun tó yẹ kó la ojú gbogbo wọn wà lórí ìwé àkọ́kọ́ yẹn gan-an: “0.5 mL”. Ẹni tó ka ìwé náà sáré lọ sí ibi tí wọ́n kọ iye irúgbìn sí, ó rí òdo, ó sì pa ìwé dé. Ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kọ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ ti 2021 gẹ́gẹ́ bí ìsàlẹ̀ pátápátá ni 1.4 mL. Nígbà tí àtọ̀ bá kéré tó báyìí, tí kò sì sí irúgbìn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibo ni omi tó kù lọ.

Wọ́n ní kó tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi yẹra fún ìbálòpọ̀. Àyè tí WHO fi sílẹ̀ ni ọjọ́ 2 sí 7. Yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé àyẹ̀wò ló ti gba àtọ̀ náà. Kò gbé e láti ilé nínú nọ́ọ̀lọ́nù, kò sì lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, nítorí oògùn inú ọ̀pọ̀ kọ́ńdọ̀ọ̀mù máa ń pa irúgbìn. Wọ́n bi í léèrè pé, “Ṣé gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sínú ike, tàbí díẹ̀ dà nù?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfiṣeré. Apá tó kọ́kọ́ jáde ni irúgbìn pọ̀ sí jù. Apá ìkẹyìn ló ní ṣúgà àtọ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí àtọ̀ kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dà nù, èsì á ṣi ènìyàn lọ́nà. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni.

Wọn kò fi ojú wọn bí ó ṣe pọ̀ tó. Wọ́n gbé ike sórí òṣùwọ̀n: 11.2 gíráàmù nígbà tó ṣófo, 11.8 lẹ́yìn náà. Gíráàmù kan là ń kà sí mL kan, nítorí náà 0.6 mL ni. Àtọ̀ tó pé máa ń kọ́kọ́ dì bí ẹ̀kọ mímu tó ń tutù, yóò sì yọ́ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ti ọkùnrin yìí kò dì rárá, ó jáde bí omi, bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Wọ́n kán díẹ̀ sórí bébà pH, èyí tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tó, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó sì fi 6.4 hàn. Ó yẹ kó tó 7.2, ó kéré tán; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí i ni nǹkan ń kan sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá irúgbìn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ti ń kọsẹ̀. Ìlànà sọ pé kí wọ́n fi centrifuge yí àtọ̀ ní 3,000 g fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n wá yẹ ìsàlẹ̀ túùbù wò. Kì í ṣe 3,000 rpm: g ni agbára tó ń ti irúgbìn lọ sísàlẹ̀, rpm ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tí apá rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, 3,000 rpm kò ju nǹkan bí 1,000 g lọ. Yóò tó nǹkan bí 5,200 rpm kí ó tó di 3,000 g. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí lè kọ “kò sí” nígbà tí irúgbìn mélòó kan ṣì ń fò lójú omi. Fún ọkùnrin yìí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n sì wo gbogbo ìsàlẹ̀ túùbù lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kò sí ọ̀kan.

Ó wá kan ṣúgà inú àtọ̀, ìyẹn fructose. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó ń ṣe é ni kò pọ̀. Resorcinol 50 mg, hydrochloric acid tó le 33 mL, kí a fi omi mú gbogbo rẹ̀ dé 100 mL. Inú omi la ń da ásíìdì sí, a kì í da omi sínú ásíìdì. Àtọ̀ 0.5 mL là ń pò mọ́ oògùn yìí 5 mL. Nítorí pé àtọ̀ ọkùnrin yìí kò pọ̀, wọ́n lo 0.1 mL pẹ̀lú 1 mL, ìdá kan náà ni. Túùbù mẹ́ta ni wọ́n gbé sínú omi tó ń hó: tirẹ̀, ti ọkùnrin mìíràn tí irúgbìn rẹ̀ pé, àti omi lásán. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí túùbù ẹnì kejì yẹn fi pọ́n bí èèpo ọsàn tó ń lọ sí pupa. Túùbù ti awakọ̀ yìí àti ti omi lásán dúró bí omi ìrẹsì.

Àtọ̀ kéré, ó kan, kò dì, kò ní ṣúgà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ. Bí ìdá 65 sí 75 nínú 100 lára àtọ̀ ló ń wá láti inú àwọn àpò kékeré méjì tó wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀, ibẹ̀ ni ṣúgà náà ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ohun tó ń mú un dì ti ń wá. Omi ibẹ̀ kò kan. Omi prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ló kan. Omi prostate nìkan ni ọkùnrin yìí ń dà.

Dókítà ní kó dìde dúró. Wọ́n ti pa fáànù, nítorí òtútù máa ń fa àpò ẹpọ̀n sókè, ọwọ́ kì í wá rí nǹkan mú. Àtàǹpàkò wà níwájú, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín wà lẹ́yìn, lókè kórópọ̀n gan-an, ó wá ń rọra yí ohun tó wà láàárín wọn. Lára ọkùnrin tó pé, ohun kan á yọ́ lábẹ́ ìka bí rọ́bà inú báírò: ó rí róbótó, ó le, kò ṣeé tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ọ̀nà irúgbìn nìyẹn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká máa ń rọ̀ bí sìpàgẹ́tì tó jinná. Nínú ọkùnrin yìí, sìpàgẹ́tì nìkan ló wà níbẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì: ọ̀nà irúgbìn kò sí. Dókítà wá wọn kórópọ̀n pẹ̀lú okùn ìlẹ̀kẹ̀ òǹwọ̀n: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 mL. Ti àgbàlagbà kò yẹ kó dín ní 15. Orí epididymis, ọ̀nà tó ká jọ tí irúgbìn ń gbà jáde kúrò nínú kórópọ̀n, tó jókòó lé kórópọ̀n, wú, ó kún bámúbámú. Ìrù rẹ̀ kò sí.

Ìfọwọ́kàn ìṣẹ́jú méjì ni. Ní ọdún kan gbáko tí wọ́n fi ń fún un ní oògùn, kò sí ẹni tó ṣe é. Ìlú tó ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì, ti Bowen àti ti LAUTECH, kò jìnnà sí ẹni tó lè ṣe é.

Hómóònù kò pẹ́ jáde: FSH, èyí tí ọpọlọ fi ń ti kórópọ̀n ṣiṣẹ́, jẹ́ 4.1 IU/L, kò ga; testosterone, hómóònù ọkùnrin, náà dára. Bí kórópọ̀n bá ti kú ni, FSH á ti ga, kórópọ̀n á sì ti súnkì. Bó bá jẹ́ pé àtọ̀sí àtijọ́ ló dí ọ̀nà, àtọ̀ á ṣì pọ̀, ṣúgà á sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn nínú prostate nìkan ló dí, ìwé àyẹ̀wò á rí bákan náà pẹ̀lú èyí, ṣùgbọ́n rọ́bà báírò á wà lábẹ́ ìka. Scan jẹ́rìí sí i pé àpò méjèèjì ẹ̀yìn àpò ìtọ̀ kò sí. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn rèé: kí a tó kúrò nídìí scan, a gbọ́dọ̀ ka kíndìnrín. Nínú irú ọkùnrin báyìí, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló ní kíndìnrín kan ṣoṣo láti inú oyún wá, kò sì mọ̀. Ẹ wá ro abẹ́rẹ́ gentamicin mẹ́rin yẹn wò. Kíndìnrín awakọ̀ yìí pé méjì. Pípé tó pé náà sì tọ́ka sí ibi tí ìdí ọ̀ràn wà, nítorí àwọn tí kíndìnrín wọn kò pé kì í sábà ní àbùkù jíìnì tí a fẹ́ sọ yìí. Ìdí tiwọn yàtọ̀.

Lára ògiri sẹ́ẹ̀lì gbogbo ni àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn dà bí ti alábàárù ọjà. Wọ́n ń gbé iyọ̀, ṣúgà àti àwọn èròjà mìíràn wọlé, wọ́n ń gbé wọn jáde. Ọ̀nà irúgbìn kún fún wọn, irúgbìn fúnra rẹ̀ náà ní tirẹ̀. SLC26A8, bí àpẹẹrẹ, lára irúgbìn ló wà, bí ó bá ṣe ségesège, irúgbìn lè wà kó má lè lúwẹ̀ẹ́. Èyí tó kan awakọ̀ wa ni CFTR, tí jíìnì rẹ̀ wà lórí kromosóòmù 7. Lap-Chee Tsui, John Riordan àti Francis Collins pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló rí i ní 1989. Ìdílé àwọn alábàárù tó ń fi ATP, epo tí sẹ́ẹ̀lì ń jó, ṣe agbára ni CFTR ti wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ́bodè ló ń ṣe: ó ń ṣílẹ̀kùn, chloride àti bicarbonate á ṣàn kọjá, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Bí kò bá ṣílẹ̀kùn, omi inú ọ̀nà á ki. Ọ̀nà irúgbìn ọmọ inú oyún tín-ín-rín ni. Bí omi tó ki bá dí i, kò ní lè dàgbà, á rọ dànù kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Kórópọ̀n kò sí nínú èyí. Ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ó sì ń ṣe irúgbìn rẹ̀ lọ láìmọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ti sọnù.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi dá ṣáṣá, nígbà tó jẹ́ pé jíìnì yìí kan náà ló ń fa cystic fibrosis, àìsàn tó ń fi ikun dí àyà ọmọdé. Ìdáhùn wà nínú bí ara ṣe ń ka jíìnì jáde, kì í ṣe nínú ohun tí a kọ síbẹ̀ nìkan. Ṣáájú ẹ̀ka kan nínú CFTR, tí wọ́n ń pè ní exon 9 tẹ́lẹ̀ tí nọ́ńbà tuntun sọ di 10, lẹ́tà T, ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin tí a fi kọ jíìnì, máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn: 9, 7 tàbí 5. Bí ó bá jẹ́ 5, ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì máa ń fo ẹ̀ka náà lọ́pọ̀ ìgbà, purotéènì tó bá sì jáde láìní in kò wúlò. Àwọn TG tó ṣáájú T yìí náà ní agbára: bí wọ́n bá jẹ́ 12 tàbí 13 dípò 11, fífò á pọ̀ sí i. Bí a bá fi ẹ̀yà ara wéra, ọ̀nà irúgbìn ń fò ó ju ẹ̀dọ̀fóró lọ. Nítorí náà, aṣọ́bodè díẹ̀ tó ṣẹ́ kù tó fún àyà, kò tó fún ọ̀nà irúgbìn.

Ẹ̀jẹ̀ 4 mL nínú túùbù EDTA olórí àlùkò ni wọ́n gbà. Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò: àbùkù wo lẹ ń wá? Ìbéèrè yìí ṣe kókó fún ọmọ Yorùbá ju fún ẹlòmíràn lọ. Ní Yúróòpù, F508del ni nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 lára àbùkù CFTR tó ń fa cystic fibrosis, àwọn àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú kan kò sì wá jù ú lọ. Láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, 3120+1G>A wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù. Àyẹ̀wò tí kò wá a, tí kò sì ka T àti TG, lè kọ “kò sí àbùkù” fún ọkùnrin tí àbùkù rẹ̀ pé méjì. Èsì awakọ̀ náà jáde: 3120+1G>A kan, àti 5T pẹ̀lú TG 12 kan. Ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀. Bí méjèèjì bá le ni, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ni ì bá ti dàgbà sí.

Ó kù kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀dà jíìnì kan náà ni méjèèjì wà, tàbí ọ̀kan wà lórí ti bàbá, ọ̀kan lórí ti ìyá. Bàbá ti di olóògbé. Màmá ló wá fún ẹ̀jẹ̀. 3120+1G>A wà lára rẹ̀, 5T kò sí. A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá ni ìyẹn ti wá. Màmá dákẹ́ títí, ó wá ní, “Dókítà, ṣé èmi ni mo kó o ràn án?” Dókítà ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Bí ẹni tí ó jẹ́ AS tí kò mọ̀ ni. Ara yín le, ara bàbá náà le. Ìgbà tí méjèèjì pàdé nínú ọmọ ló di ọ̀ràn.”

Ọ̀rọ̀ AS yìí náà ni wọ́n fi ṣàlàyé fún tọkọtaya kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ìtọ́jú. Ọmọ yòówù tí ọkùnrin yìí bá bí yóò gba ọ̀kan nínú àbùkù rẹ̀ méjèèjì, kò sí èyí tí kò ní gbà. Bí ìyàwó kò bá ní nǹkan kan, ọmọ á rù ú lásán bí AS. Bí ìyàwó náà bá ru àbùkù tó le, nínú ọmọ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ní cystic fibrosis, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan mìíràn gba 5T pọ̀ mọ́ tìyá rẹ̀, tó bá sì jẹ́ ọkùnrin, kó wá jókòó sórí àga tí bàbá rẹ̀ jókòó sí lónìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ ẹyin, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò rí àbùkù kankan nínú tirẹ̀. Wọ́n sọ fún un ní kedere pé ewu kù díẹ̀ ni, kò tán pátá, nítorí kò sí àyẹ̀wò tó ń rí gbogbo àbùkù.

Ní ti ìtọ́jú, a kò lè so ọ̀nà tí kò sí. Fífi àtọ̀ sínú ilé ọmọ náà kò wúlò, nítorí kò sí nǹkan nínú àtọ̀ náà. Irúgbìn ni kí a lọ bá níbi tó wà. Wọ́n fi lignocaine 1 nínú 100, 10 mL, pa ìrora okùn ẹpọ̀n, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, gauge 26, wọ orí epididymis tó wú yẹn láti ita awọ. Omi tó jáde kò tó ẹ̀kán kan. Abẹ́ máíkírósíkóòpù ni ojú gbogbo èèyàn lọ, irúgbìn ń jù ìrù. Bí wọn kò bá rí níbẹ̀, inú kórópọ̀n gan-an ni wọ́n ì bá lọ mú díẹ̀.

Wọ́n dì í sínú túùbù kékeré márùn-ún, wọ́n gbé e sínú nítírójìnì olómi ní −196 lórí Celsius, kí ìyàwó tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Bí obìnrin bá ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹyin ti pọ́n, tí a kò wá rí irúgbìn lára ọkọ lọ́jọ́ náà, owó àti ìrora ti ṣòfò. Nítírójìnì olómi kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná. Ẹni tó ń bù ú kún lásìkò ló nílò, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn yòówù tó bá fẹ́ bá yín pa á mọ́ pé ta ló ń bù ú kún, ọjọ́ wo sì ni. Wákàtí 36 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ hCG, èyí tó ń mú ẹyin pọ́n tán, ni wọn yóò kó ẹyin, wọn yóò sì fi abẹ́rẹ́ gíláàsì ti irúgbìn kan ṣoṣo sínú ẹyin kọ̀ọ̀kan. ICSI ni wọ́n ń pè é. 1989 tí wọ́n rí jíìnì CFTR yẹn náà ni wọ́n bí ọmọ IVF (ọmọ tí wọ́n so ẹyin àti irúgbìn rẹ̀ pọ̀ níta ara) àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní LUTH ní Èkó, ṣùgbọ́n ó di 1992 kí ICSI tó bí ọmọ lágbàáyé. Ọjọ́ orí obìnrin ló ń pinnu púpọ̀ nínú bí yóò ṣe rí. Ẹni ọdún 26 ni ìyàwó yìí nígbà tó wọlé ọkọ. Ọdún márùn-ún tó sọnù yẹn ló dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí, nítorí bébà pH àti ìka mẹ́ta ì bá ti dá a dúró.

Awakọ̀ náà ní àbúrò ọkùnrin kan, ìyá kan náà, bàbá kan náà, tí wọ́n ti ń múra ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé òun náà gba àbùkù méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ló mú un wá. Wọ́n pa fáànù, ó dìde dúró. Rọ́bà báírò wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì.